Orí Kan

Aago méjì òru ní Duluth. Yìnyín ń fi èékánná kan fèrèsé.
Fọ́ọ̀mù méjì wà lórí tábìlì ilé ìdáná,
tèmi láti ibi tí mo ti ń fọṣọ ní ọsibítù,
ti Colby láti ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń kó òkúta irin gba orí adágún.
Láàárín méjèèjì, ìgò mílíìkì tó ti tutù.

Junia pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lánàá.
Àwújẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.
Orí tí kò tíì le,
owó orí sì ti ń béèrè ẹni tó ni ín.

Colby ti kọ tirẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ọsibítù dé.
"Ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún ọmọ,
ọ̀kan torí pé inú mi dùn," ló wí, ó rẹ́rìn-ín.
Mẹ́ta.
Èmi náà ti kọ Junia sínú tèmi, n ò sọ fún un.
Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan ṣe di ìbejì lórí ìwé.

Ìyáàfin Okerlund tó ń ṣètò owó-oṣù wa
ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ò pọ̀ sí:
"Ẹ ò tíì ṣègbéyàwó, àbí?
Tọkọtaya ni í jọ fọwọ́ sí ìwé kan.
Ní tiyín, kálukú ló ń gbé tirẹ̀ lọ bá ìjọba.
Ọmọ kan, ìwé kan. Bí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀mejì,
owó tí ẹ bá jẹ báyìí, ẹ ó bì í ní oṣù kẹrin."

Mo gbé òórùn ọṣẹ wálé, mo sọ fún un.
Ó wo fọ́ọ̀mù rẹ̀
bí ẹni ń wo fọ́tò ara rẹ̀ tí wọ́n yà níbi tó ti sùn.
Ta ni olórí ilé? ni ìwé ń wí.
Kì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù,
ẹni tó ná ju ìdajì lọ ni,
lórí òrùlé, lórí iná, lórí ohun tó wà nínú ìkòkò.

Ó dára. A dojú páálí písà délẹ̀, a fa ìlà sí àárín rẹ̀.
Nígbà ooru, ọkọ̀ ń lọ, ọwọ́ Colby ń kún:
ó ra kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ra táyà mẹ́rin,
ó san gbèsè dókítà kí n tó mọ̀ pé gbèsè wà.
Ṣùgbọ́n adágún a máa dì ní oṣù kìíní.
Ọkọ̀ a dúró, owó a dúró.
Aṣọ ibùsùn aláìsàn kì í dúró.
Ìhà tèmi gùn títí dé etí páálí, ó ṣẹ́rí sí ẹ̀gbẹ́:
owó ilé, gáàsì, mílíìkì, owó ilé, gáàsì.
N ò fẹ́ kó gùn tó bẹ́ẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí mo lè gbàgbé láti kọ.

Òun ló gba bírò lọ́wọ́ mi.
Ó fagi lé mẹ́ta, ó kọ òdo,
òdo gbàǹgbà, bí ẹnu Junia nígbà tó bá ń ké.
"Kí wọ́n máa yọ ọ́. Kí n ṣáà má jẹ ẹnikẹ́ni."
Mo ní, "Colby, ọmọ nìkan ni ọ̀kan nínú wa ò gbọ́dọ̀ kà.
O ṣì lè ka ara rẹ."
Ó jọ pé kò gbọ́,
tàbí ó gbọ́ ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ.

Junia jí. Ó gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé,
níbi tí iná ọkọ̀ kan ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ wọ èbúté.
Mo ti fọ́ọ̀mù rẹ̀ sí apá ibi tí àga rẹ̀ wà,
mo gbé bírò lé e, n kò tẹ̀ ẹ́ pa.
Ó ń ka ìka ọmọ náà fún un, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́:
ení, èjì, ẹ̀ta.
Mo gbọ́ tó dé ẹ̀wá,
mo gbọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀.